Ọkàn, Àyà àti Ìwọ̀n Àfàmu: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ìtọ́jú Onítànṣán Jẹjẹrẹ Ọmú ní Àríwá Èkìtì

1. Ìfáárà

Láti ìgbà tí Iṣẹ́ Àdánwò Ọlọ́dún Mẹ́fà ti bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1970, lábẹ́ ìdarí Babs Fafunwa, kò tún yẹ kí a máa jiyàn bóyá a lè fi Yorùbá kọ́ni ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ìbéèrè tí ó kù ni pé: ọ̀rọ̀ wo ni ó tọ́, ta ni yóò sì jìyà rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ tí a yàn bá ṣini lọ́nà? Nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, àṣìtúmọ̀ lè mú kí akẹ́kọ̀ọ́ pàdánù máàkì. Ní ilé ìwòsàn, ó lè mú kí aláìsàn sá fún ìtọ́jú tí ì bá gbà á là.

Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí fífi ìtànṣán wo jẹjẹrẹ ọmú, àti bí a ti ń ṣírò iye ìtànṣán tí ó dé ọkàn. A fi Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti agbègbè wọn ṣe ojú ìwòye wa. Ní Ìdó ni Federal Medical Centre tí a dá sílẹ̀ ní 1998 wà, tí ó di ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní 2014. Ní Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé ni yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní 2011 fìdí kalẹ̀ sí. Níbẹ̀ ni àwọn tí ó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti ń bá àgbẹ̀ àti ìyálọ́jà tí ń fi Yorùbá ronú pàdé. Obìnrin tí a bá darí láti ibẹ̀ lọ sí UCH ní Ìbàdàn, tàbí sí ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ ti NSIA àti LUTH tí a ṣí ní Èkó ní 2019, gbọ́dọ̀ lóye ohun tí a fẹ́ ṣe fún un kí ó tó buwọ́ lùwé.

2. Àǹfààní àti ewu

Kí a tó sọ̀rọ̀ ewu, ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ àǹfààní. Àkójọpọ̀ ìwádìí 17 tí a tẹ̀ jáde ní 2011 dá lórí obìnrin 10,801 tí a gé kókó jẹjẹrẹ inú ọmú wọn kúrò láìgé ọmú náà tán. Láàrin ọdún 10, jẹjẹrẹ padà wá bá nǹkan bí 35 nínú 100 àwọn tí kò gba ìtànṣán, ṣùgbọ́n nǹkan bí 19 péré nínú 100 àwọn tí ó gbà á. Láàrin ọdún 15, ikú láti ọwọ́ jẹjẹrẹ ọmú dín kù láti 25 sí 21 nínú 100.

Ewu tí a ń sọ wá láti inú ibi tí ọkàn wà. Àárín àyà ni ó wà, ó sì fì sí òsì. Nítorí náà, ìtànṣán tí a darí sí ọmú òsì súnmọ́ ọn ju ti ọ̀tún lọ. Sarah Darby àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní 2013 lórí obìnrin 2,168 ní Súwídìn àti Dẹ́ńmáàkì, tí ó gba ìtọ́jú láàrin 1958 àti 2001. Àròpín ohun tí ọkàn wọn fàmu jẹ́ gíréè 6.6 fún jẹjẹrẹ ọmú òsì, ó sì jẹ́ 2.9 fún ti ọ̀tún. Bí gíréè kan bá ti kún un, àrùn ńlá tí ó jẹ mọ́ òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn ń pọ̀ sí i ní ìdá 7.4 nínú 100, àwọn olùwádìí kò sì rí ààlà kan tí a lè sọ pé ewu kò sí nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀fìn wà níhìn-ín fún atúmọ̀. Kì í ṣe pé obìnrin 7 nínú 100 yóò ní àrùn ọkàn. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé, nínú àwùjọ tí 100 ènìyàn ì bá ti ní àrùn náà láìgba ìtànṣán rárá, gíréè kan yóò sọ wọ́n di nǹkan bí 107. Ẹni tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ yóò dẹ́rù ba aláìsàn lásán.

3. Ọkàn àti àyà

Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, àyà ni Yorùbá sábà fi ń sọ ohun tí ọkàn ń ṣe. Bí ẹ̀rù bá ba ènìyàn, a ní àyà rẹ̀ já, tàbí pé àyà rẹ̀ ń lù kìkì. Ọkàn, ní tirẹ̀, ni a fi ń sọ ohun tí kò ṣeé fọwọ́ kàn: ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́, ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì pàápàá lo àyà, ọkàn àti inú fún èrò kan náà ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Jẹ́ kí a fojú inú wo ìyá kan ní Ìkọ̀lé tí nọ́ọ̀sì sọ fún pé, “Màmá, ìtànṣán yìí lè dé ọkàn yín.” Ó lè rò pé yóò sọ òun di ẹni tí iyè rẹ̀ ra. Bí nọ́ọ̀sì bá sì yí i padà, tí ó ní, “Ó lè dé àyà yín,” ìyá yóò dáhùn pé àyà kúkú ni àìsàn náà wà. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ dẹ́rù bà á ju bí ó ti yẹ lọ. Èkejì kò kìlọ̀ ohunkóhun fún un.

Alápatà kò ní ìṣòro yìí. Bí oníbàárà bá béèrè ọkàn ẹran, kò sẹ́ni tí yóò rò pé ìrònú màlúù ni ó fẹ́ rà. Ọ̀rọ̀ tí ó yán an ni ó là á yé wa. Ìdí nìyí tí a fi dá a lábàá pé kí a fi ọ̀rọ̀ ayán kún ọkàn, kí a máa pè é ní ọkàn apínẹ̀jẹ̀, nípa lílo àfòmọ́ a- tí ó wà nínú apẹja àti akọ̀wé.

4. Ìtànṣán, ìfarakàn àti àfàmu

Ìtànṣán oòrùn ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Ojú rí i, ara sì mọ̀ ọ́n lára. Ìtànṣán ẹ̀rọ kò ṣeé fojú rí, aláìsàn kì í sì í mọ̀ ọ́n lára nígbà tí ó bá ń wọlé. Atúmọ̀ tí ó bá sọ pé a óò fi iná jó jẹjẹrẹ yóò mú kí aláìsàn máa retí ìgbóná. Bí kò bá rí ìgbóná, yóò ní a kò ṣe nǹkan kan fún òun. Nítorí náà, ìtànṣán ni kí a dì mú, kí a sì ṣàlàyé pé kò ṣeé rí.

Pé ìtànṣán kan ara yàtọ̀ sí iye tí ara gbà dúró nínú rẹ̀. A kò lè pe ti àkọ́kọ́ ní ìkanra, nítorí ìbínú ni ìkanra; ìfarakàn ni a yàn. Fún ìkejì, a yan àfàmu, a kò yan ìfàmu. Àfòmọ́ ì- sábà ń tọ́ka sí ìṣe, nígbà tí à- ń tọ́ka sí ohun tí ìṣe náà bí, gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ àti àjẹkù. Àǹfààní mìíràn tún wà. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, ọ̀rọ̀-orúkọ tí Yorùbá àjùmọ̀lò fi i- bẹ̀rẹ̀ ń fi u- bẹ̀rẹ̀: ilé di ulé, igi di ugi. Àfàmu kò ní irú ìyípadà yìí.

Gíréè ni a fi ń wọn àfàmu, láti ara orúkọ Louis Harold Gray, onímọ̀ físíìsì ará Bìrìtìkó. Ní 1975 ni a fọwọ́ sí i fún gbogbo ayé. Gíréè kan ni agbára júùlù kan tí kílógíráàmù kan ohunkóhun bá fàmu. Fún ọmú, ó wọ́pọ̀ láti fúnni ní gíréè 50 ní ìgbà 25, tàbí 40 ní ìgbà 15.

5. Bí a ti ń wọn ohun tí kò ṣeé fọwọ́ kàn

A kì í ki òṣùwọ̀n bọ inú ọkàn alààyè. Ẹ̀rọ a máa ya àwòrán àyà ní ìpele-ìpele. Dókítà a fa ìlà ààlà yí ọkàn ká lórí ìpele kọ̀ọ̀kan, bí àgbẹ̀ ti ń fi ààlà sí oko. Kọ̀ǹpútà a sì ṣírò ohun tí inú ààlà náà yóò fàmu. Láti mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ń ṣe déédéé, a máa ń wọn ìtànṣán nínú omi tàbí nínú ohun tí a mọ bí ara ènìyàn. Orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì fún ohun yìí jẹ mọ́ iwin. Kí atúmọ̀ má tẹ̀ lé e. Ère-ara ni a dábàá.

Nọ́ńbà tí a sábà ń ròyìn ni àròpín: a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, a sì pín in. Òjò ni a lè fi ṣàlàyé rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. Bí òjò ńlá bá rọ̀ ní Ìkọ̀lé, tí ó sì kàn wìnnìwìnnì ní Ọ̀yẹ́ àti Ìdó, àròpín òjò agbègbè náà lè kéré, síbẹ̀ kí ìsọ̀ kan ti wó ní ọjà Ìkọ̀lé. Bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ọkàn bá fa gíréè 20 mu, tí ìdá mẹ́sàn-án tí ó kù fa gíréè kan mu, àròpín jẹ́ 2.9 péré. Ìhà iwájú ọkàn, tí ó súnmọ́ ọmú òsì, tí òpó ẹ̀jẹ̀ pàtàkì kan sì gbà kọjá, ni ó sábà ń gba èyí tí ó pọ̀ jù. Nítorí náà, a nílò àfàmu gíga jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àròpín.

6. Ọ̀rọ̀ èémí

Ọ̀nà kan láti dín àfàmu ọkàn kù ni pé kí aláìsàn fa èémí sínú dáadáa, kí ó sì mú un dúró fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá tí ìtànṣán fi ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ̀dọ̀fóró bá kún, ọkàn a jìnnà sí ògiri àyà. Àṣẹ tí a bá pa gbọ́dọ̀ yéni lẹ́ẹ̀kan náà. “Ẹ dá èémí dúró” burú létí àgbàlagbà, nítorí òkú ni èémí rẹ̀ ń dúró. “Ẹ fa èémí sínú, ẹ dì í mú” ni ó sàn jù, kí “Ẹ máa mí” sì tẹ̀ lé e.

7. Ìkádìí

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dá lábàá nìwọ̀nyí:
Ọkàn apínẹ̀jẹ̀: ẹ̀yà ara tí ń pín ẹ̀jẹ̀ káàkiri.
Ìfarakàn: pé ìtànṣán kan ara.
Ìwọ̀n àfàmu: iye agbára ìtànṣán tí ara gbà dúró.
Àròpín àfàmu ọkàn: àfàmu gbogbo ọkàn tí a rò pọ̀ tí a sì pín.
Àfàmu gíga jù: èyí tí ibi tí ó gbà jù lọ nínú ọkàn gbà.
Ère-ara: ohun tí a mọ bí ara fún ìdánwò ẹ̀rọ.

A kò sọ pé kò sí èyí tí ó lè dára jù wọ́n lọ. Ohun tí a ń bẹ olùkọ́ àti atúmọ̀ ni pé, kí wọ́n tó tẹ ọ̀rọ̀ kankan sínú ìwé ilé ìwòsàn, kí wọ́n sọ ọ́ fún àwọn àgbà obìnrin mélòó kan ní Ìdó, Ọ̀yẹ́ tàbí Ìkọ̀lé, kí wọ́n sì ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹnu ara wọn tún un sọ. Bí ohun tí wọ́n tún sọ bá yàtọ̀ sí ohun tí dókítà ní lọ́kàn, kí a wá ọ̀rọ̀ mìíràn.