Síkúrù mẹ́ta àbí píìnì méjì? Bí ẹ ṣe lè mọ Ruger àtijọ́ yàtọ̀ sí tuntun kí ẹ tó ra ìfojúsùn

Ẹ fẹ́ pààrọ̀ ìfojúsùn, ìyẹn irin kékeré orí ìbọn tí èèyàn ń gba ojú rẹ̀ wo ohun tó fẹ́ yìnbọn sí. Ẹni tó ń tà á bi yín pé: “Old Model ni tiyín ni, àbí New Model?” Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán lórí Facebook kọ́ ló máa dáhùn ìbéèrè yìí. Ara ìbọn náà ni ìdáhùn wà.

Àlàyé yìí wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Amẹ́ríkà, tí ẹ sì ní ìbọn lọ́nà tó bófin mu, àti ẹ̀yin tí ẹ kàn ń rí àwòrán rẹ̀ lórí ayélujára.

Kí ló yí padà ní 1973?

Ilé iṣẹ́ Ruger gbé Single-Six jáde ní 1953, ó sì gbé Blackhawk jáde ní 1955. Rífọ́fà ni méjèèjì, ìyẹn ìbọn ìléwọ́ tí ilé ọta rẹ̀ ń yí. Ọwọ́ ni ẹ máa fi fa òòlù rẹ̀ sẹ́yìn kó tó lè yìn.

Nínú àwọn ti àkọ́kọ́, bí òòlù bá sinmi lórí ọta, tí ìbọn sì já bọ́, ó lè yìn fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ ọ́n lò fi ń ki ọta márùn-ún sínú ilé ọta mẹ́fà, tí òòlù á sì wà lórí èyí tó ṣófo.

Ní 1973, New Model dé pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní transfer bar. Àfi tí èèyàn bá fa tírígà ni irin yìí tó ń gòkè láti gbé agbára òòlù dé ara abẹ́rẹ́ tó ń gún ìdí ọta.

Ibo ni kí ẹ wò?

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé kò sí ọta kankan nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ara ìbọn:

- Old Model: orí síkúrù mẹ́ta.
- New Model: orí píìnì méjì, tí kò ní ojú tí ẹ lè ki ìtúsíkúrù bọ̀.

Ẹ tún lè ṣí ilẹ̀kùn kékeré tí wọ́n ń gbà ki ọta. Ti New Model, ilé ọta á máa yí fàlàlà. Ti Old Model, ẹ gbọ́dọ̀ fa òòlù dé ìdajì ná.

Àwọn àmì tó ń tan èèyàn jẹ

“Orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, àtijọ́ ni.” Kì í ṣe dandan. Lóòótọ́, orí Blackhawk àkọ́kọ́ tẹ́, kí Ruger tó fi etí méjì dáàbò bo ìfojúsùn ẹ̀yìn. Àmọ́ ní 2005, nígbà tí Blackhawk pé 50 ọdún, wọ́n tún ṣe olórí pẹrẹsẹ tó ní transfer bar.

“Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ọgọ́rùn-ún méjì ọdún òmìnira Amẹ́ríkà sí i lára, àtijọ́ ni.” Irọ́ ni. 1976 ni wọ́n ṣe Blackhawk tó ní àkọlé yẹn, nítorí náà New Model ni.

“Wọ́n ti tún un ṣe, ó ti di New Model.” Rárá. Ruger máa ń fi ohun ààbò sínú Old Model lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń dá àwọn ohun èlò àtijọ́ inú rẹ̀ padà fún ẹni tó ni ín. Síkúrù mẹ́ta náà á ṣì wà níbẹ̀. Nítorí náà, síkúrù kò lè sọ fún yín bóyá wọ́n ti tún un ṣe. Iwájú òòlù ni kí ẹ ti wá transfer bar. Bí kò bá dá yín lójú, ọta márùn-ún ni kí ẹ kì.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ sọ orúkọ ìbọn yín gan-an. Ẹ sọ bóyá síkúrù mẹ́ta ni tàbí píìnì méjì, àti bóyá orí rẹ̀ tẹ́ tàbí ó ní etí. Ẹ fi àwòrán ẹ̀gbẹ́ àti orí ìbọn tiyín ránṣẹ́, kì í ṣe èyí tí ẹ rí lórí ayélujára. Bó bá jẹ́ Vaquero, kòtò tí wọ́n gbẹ́ sórí ìbọn ni ìfojúsùn ẹ̀yìn rẹ̀, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ yọ níbẹ̀. Ẹ wọn gíga ti iwájú pẹ̀lú: bó bá ga jù, ọta á máa balẹ̀ nísàlẹ̀ ibi tí ẹ fojú sùn.

Kí ló kan ẹni tó wà ní Nàìjíríà?

Òfin ìbọn Nàìjíríà ka rífọ́fà mọ́ ohun ìjà tí a kò gbọdọ̀ ní láìsí ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ Ààrẹ. Bí ẹnì kan bá ń polówó rẹ̀ lórí WhatsApp, ẹ má dá a lóhùn.

Àmọ́ ìmọ̀ yìí wúlò fún ojú yín. Bí wọ́n bá gbé àwòrán Blackhawk onípíìnì méjì síta, tí wọ́n ní ogun Biafra ti 1967 sí 1970 ni wọ́n fi jà, irọ́ ni, torí 1973 ni irú rẹ̀ dé. Bó bá sì jẹ́ onísíkúrù mẹ́ta, ìyẹn kò sọ ìtàn náà di òótọ́. Ohun tó fi hàn kò ju pé irú rẹ̀ ti wà nígbà yẹn.

Àbájáde

Ẹ ka síkúrù kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tà á gbọ́. Ìfojúsùn tí kò bá wọlé, owó ló ba jẹ́. Ọta kẹfà nínú Old Model tí wọn kò tíì tún ṣe lè gba ẹ̀mí.