Ọkọ̀ ẹrù tó kọ̀ tí ò kú: Ohun tó yẹ kí olówò mọ̀ kó tó náwó

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń kó o láti Ìkòyí, Ìkirè àti Apòmù lọ sí Ìbàdàn mọ̀ pé bí ẹrù bá sun ọjọ́ méjì lórí ọkọ̀, owó ti ń jò nìyẹn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ olówò kì í fi í fẹ́ gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń rìn. Àìsàn kan sì wà tó ń ṣe àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tó dà bí ẹ̀fẹ̀ lójú wọn: awakọ̀ á pa ọkọ̀, á yọ kọ́kọ́rọ́ sápò, ẹ́ńjìnnì ò ní dákẹ́. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń sọ pé ọkọ̀ náà lágbára ni. Kì í ṣe agbára rárá.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kéèyàn mọ̀ ni irú epo tí ọkọ̀ náà ń lò, nítorí ohun tó ń ṣe ọkọ̀ bẹntiróòlù yàtọ̀ pátápátá sí ohun tó ń ṣe ọkọ̀ dísù.

Nínú ọkọ̀ bẹntiróòlù tó ń lo kabúrétọ̀, irú èyí tó wà nínú àwọn Bedford kan láyé ọjọ́un, iná tó ń ṣẹ́ lẹ́nu plọ́ọ̀gì ló ń mú kí epo jó. Kọ́kọ́rọ́ ló ń gé iná yìí. Ṣùgbọ́n tí èédú bá ti di pelemọ sínú sílíńdà, á máa pọ́n bí ẹyin iná, òun náà á sì máa ran epo láìsí plọ́ọ̀gì. Ọkọ̀ tó ń gbóná jù, síló tó ga jù àti bẹntiróòlù tí wọ́n da kẹrosíìnì lù máa ń dá kún un. Ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kì í dún geere lẹ́yìn tí wọ́n bá pa á. Ńṣe ló máa ń wú bí ẹni tó ń wúkọ́, tá a sì máa gbọ̀n.

Tó bá wá jẹ́ pé ó ń dún geere bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, ọ̀rọ̀ èédú kọ́ nìyẹn o. Wáyà ni. Iná lè máa gba ọ̀nà ibòmíràn padà wá, pàápàá láti ibi tó ń ṣáàjì bátìrì, ó sì lè jẹ́ pé rẹ́wáyà kan ló ti fún un ní dáyírẹ́ẹ̀tì nígbà kan rí. Rẹ́wáyà ni iṣẹ́ yẹn kàn. Kí olówò má ṣe gbà kí wọ́n tú tọ́ọ̀pù sílíńdà láti fá èédú nígbà tí wọn ò tíì dín síló kù, tí wọn ò tíì wo omi inú rédíétọ̀, tí wọn ò sì tíì ra epo níbòmíràn wò.

Ọ̀rọ̀ dísù ló gbẹgẹ́ jù. Plọ́ọ̀gì kankan kì í ṣẹ́ná nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni písítìnì máa ń fún pọ̀ títí á fi di ìdá kan nínú bíi 15 sí 20, ooru ibẹ̀ ló sì ń mú kí dísù jó bó bá ti ẹnu nọ́sù jáde. Nítorí náà, ohun tó lè pa á ni kí wọ́n gé epo rẹ̀. Nínú Mercedes 911, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní OM 352 ní sílíńdà 6 tó sì tó lítà 5.7, awakọ̀ máa ń fa ohun kan nínú ọkọ̀, kébù á sì fa irin kékeré kan lára pọ́ńpù dísù. Kébù yìí máa ń dípẹtà, ó sì máa ń dẹ̀. Bó bá ti dẹ̀, irin náà ò ní dé òpin mọ́.

Ibí yìí ni wọ́n ti ń jẹ owó olówò jù. Wọ́n á ní pọ́ńpù ti bàjẹ́, wọ́n á sì tú u. Kí ẹni tó ni ọkọ̀ ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì, kí mẹkáníìkì fọwọ́ ti irin ara pọ́ńpù náà dópin nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń dún jẹ́jẹ́. Tó bá kú, kébù ni kí wọ́n rà. Tí kò bá kú, nígbà náà ni kí wọ́n gbé pọ́ńpù lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Àwọn ọkọ̀ tó dé lẹ́yìn ìgbà yẹn máa ń fi iná bátìrì gé epo. Wáyà wọn ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Èyí tó léwu jù lọ ni ti ẹ́ńjìnnì dísù tó ń fi ọ́ìlì ara rẹ̀ ṣe epo. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ tí ọ́ìlì bá pọ̀ jù, tí rìngì bá ti jẹ, tí tọ́bò bá ń jò, tàbí tí wọ́n bá da ọ́ìlì kọjá àmì sínú fíltà afẹ́fẹ́ ọkọ̀ àtijọ́. Ariwo rẹ̀ á máa ga sí i fúnra rẹ̀, èéfín á sì bo ojú ọ̀nà. Ká yọ bátìrì ò lè ràn án. Kí awakọ̀ tó wà nídìí ọkọ̀ ki jíà ńlá bọ̀ ọ́, kó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pátápátá, kó sì fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ kó lè kú. Tí ìyẹn ò bá ṣiṣẹ́, pákó pẹlẹbẹ tó nípọn ni wọ́n fi ń dí ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ọwọ́ tàbí aṣọ dí i, á fà á wọlé. Tí ariwo bá ti le jù, kí gbogbo èèyàn sá jìnnà, ẹ́ńjìnnì lè fọ́ sí wẹ́wẹ́.

Àwọn awakọ̀ kan ti sọ jíà àti kílọ́ọ̀ṣì yìí di àṣà ojoojúmọ́. Owó kílọ́ọ̀ṣì tuntun ni wọ́n ń fi ṣeré. Àwọn mìíràn kì í pa ọkọ̀ rárá lọ́jà, bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọdún 2023 fi ń parí, lítà dísù kan ti kọjá ₦1,000. Ọmọ iṣẹ́ tó sì ti rí kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ lè rò pé ọkọ̀ ti kú, kó ki ọwọ́ bọ ibi fáànù.

Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ ẹrù àlòkù, kó ní kí wọ́n wà á títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná dáadáa, kí wọ́n tó pa á lójú rẹ̀. Tí ẹni tó ń tà á bá ki jíà bọ̀ ọ́ kó tó pa á, kó bèèrè ìdí rẹ̀ kó tó ka owó.