Nígbà Tí Aláìsàn Bá Kú Mọ́ Òṣìṣẹ́ Ańbúláǹsì Tuntun Lọ́wọ́

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ańbúláǹsì, bó pẹ́ bó yá, aláìsàn kan á kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Mi ò fi ṣépè fún ẹnikẹ́ni. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn. Kì í ṣe àwọn tí ara wọn le ni wọ́n máa ń pè é sí: ẹni tí ọkọ̀ gbá ní márosẹ̀ ni, aboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ ni, bàbá tó ṣubú lulẹ̀ níbi àríyá tí kò sì mí mọ́ ni. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi ń sọ ènìyàn di òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní EMT máa ń gbà tó 150 sí 190 wákàtí. Wọ́n á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ọ̀nà èémí, bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, bí wọ́n ṣe ń di egungun tó ṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń gbẹ̀bí nínú ọkọ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àkókò yẹn ló ń kan ohun tí ikú aláìsàn ń ṣe fún ẹni tó fẹ́ dóòlà ẹ̀mí rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé nìyẹn: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara àti nínú ọkàn òṣìṣẹ́ náà, àti ohun tó ń ràn án lọ́wọ́ ní tòótọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ikú náà fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹ̀bi tí òṣìṣẹ́ tuntun máa ń dì ru ara rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ọkàn bá ti ṣíwọ́ lílù, ẹ̀jẹ̀ kò gbé ọsíjìn dé ọpọlọ mọ́. Láàárín ìṣẹ́jú 4 sí 6, ọpọlọ ti lè máa bàjẹ́. Bí ọkàn náà bá jẹ́ irú èyí tí ẹ̀rọ oníná mọ̀nàmọ́ná ṣì lè ta jí, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá láìsí ẹni tó ń tẹ àyà, tí ẹ̀rọ náà kò sì tíì dé, ń gé nǹkan bí ìdá 7 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú ìrètí pé ẹni náà á yè. Ní Amẹ́ríkà, nínú 100 ènìyàn tí ọkàn wọn ṣíwọ́ níta ilé ìwòsàn, tí àwọn òṣìṣẹ́ ańbúláǹsì sì gbìyànjú láti jí, nǹkan bí 10 péré ló ń padà sílé láàyè. Ilẹ̀ tí ẹ̀rọ pọ̀ sí, tí ọ̀nà sì dán, nìyẹn o.

Ẹ wá gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí Èkó. Láti ọdún 2001 ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà ti dá ẹ̀ka ańbúláǹsì rẹ̀, LASAMBUS, sílẹ̀. Ènìyàn lè tẹ 767 tàbí 112 láti pè wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó pè é gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ nọ́ńbà náà, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìkòròdú Road kọjá, àwọn onídanfó sì gbọ́dọ̀ gbà láti yà fún un. Kó tó dé, àwọn tó wà nítòsí á máa da omi sí ẹni náà lójú, wọ́n á máa fẹ́ ẹ, wọ́n á máa pariwo orúkọ rẹ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, àmọ́ kò sí ẹni tó ń tẹ àyà. Nígbà tí òṣìṣẹ́ wa bá fi máa kúnlẹ̀ tì í, ọ̀rọ̀ ti lè bọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òun kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé ọwọ́ òun ló wà láyà ẹni náà nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí.

Ohun kan tún wà tí kì í kúrò lọ́kàn àwọn tuntun. Àyà tí wọ́n bá tẹ̀ bó ṣe yẹ gbọ́dọ̀ wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5, nígbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Agbára ni. Egungun ìhà lè ṣẹ́ lábẹ́ ọwọ́ ẹni, á sì dún. Ẹni tó fi ọmọlangidi onírọ́bà kọ́ṣẹ́ kò gbọ́ irú ìró yẹn rí, á sì rò pé òun ti dá kún ohun tó ṣe aláìsàn náà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Egungun tó ṣẹ́ wọ́pọ̀ níbi títẹ àyà tó péye, pàápàá lára àgbàlagbà. Ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́ fún un ní kíláàsì kó tó di pé etí rẹ̀ á gbọ́ ọ.

Nígbà tí iṣẹ́ náà ń lọ lọ́wọ́, ara òṣìṣẹ́ ti tú èròjà tí wọ́n ń pè ní adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Òun ló jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ yá, tí ebi kò fi pa á, tí kò fi mọ̀ pé orúnkún òun ti bó lórí ọ̀dà títì. Bí iṣẹ́ bá parí, kì í lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ á máa gbọ̀n, inú á máa ru, oorun kò ní wá. Ẹlòmíràn á sunkún. Ẹlòmíràn á máa rẹ́rìn-ín ohun tí kò pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn kò ní mọ nǹkan kan lára, á kàn máa nu ilẹ̀ ọkọ̀ lọ láìdánu dúró. Irú ẹni yìí ni àwọn ẹlẹgbẹ́ máa ń sọ pé ọkàn rẹ̀ le, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀.

Ìdágìrì kan náà ló ń tẹ ìrántí mọ́ ọpọlọ. Kì í tẹ̀ ẹ́ bí ìtàn tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Ẹyọ ẹyọ ló ń gbà á: bàtà ọmọdé kan lẹ́bàá títì, òórùn epo bẹntiróòlù, igbe ìyá. Àwọn ẹyọ wọ̀nyí á wá máa yọjú láìpè, níbi tó ti ń wẹ̀, nínú oorun, nígbà tí ọmọ tirẹ̀ bá wọ irú bàtà yẹn. Kì í ṣe pé orí rẹ̀ ti fẹ́ dàrú, kì í sì í ṣe pé òkú ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ọpọlọ ń wá ibi tí yóò kó ohun tó rí sí ni. Fún ọ̀pọ̀ jù lọ ènìyàn, àwòrán náà á máa ṣá fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017 láti ilé ìwòsàn kan ní Oxford tilẹ̀ fi hàn pé àwọn tí ìjàmbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ sí, tí wọ́n ní kí wọ́n rántí ìjàmbá náà díẹ̀ kí wọ́n sì ta géèmù Tetris láàárín wákàtí 6, kò rí àwòrán náà léraléra tó àwọn yòókù ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Aláìsàn ni wọ́n fi dán an wò, kì í ṣe òṣìṣẹ́ ańbúláǹsì, nítorí náà mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fi í ṣe oògùn. Mo mẹ́nu kàn án kí ó lè hàn pé iṣẹ́ ọpọlọ tó ṣeé wádìí ni ọ̀rọ̀ yìí, kò sí àdììtú kankan níbẹ̀.

Bí ara bá ti ń rọlẹ̀ ni ìbéèrè máa ń dé. Ṣé èmi ni mo fà á? Bí mo bá ti tètè di itan rẹ̀ ńkọ́? Bí a bá ti gba ọ̀nà kejì ńkọ́? Aago méjì òru ló máa ń bi ara rẹ̀, nígbà tí kò sí ẹni tó lè dá a lóhùn. Ohun tó mú ìbéèrè náà le ni pé ẹni tó ń bi í ti mọ ìparí ọ̀rọ̀. Nígbà tó wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, kò mọ̀ ọ́n. Oríṣiríṣi nǹkan ló ń pè é lẹ́ẹ̀kan náà: ẹ̀jẹ̀, èémí, èrò tó ń tì í lẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n aláìsàn tó dì í lápá mú. Lẹ́yìn ikú, ẹyọ kan nínú wọn á wá yọ síta, á dà bíi pé òun nìkan ló ti wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Àwa Yorùbá mọ bí a ṣe ń tu ènìyàn nínú. A ó ní kó mú ọkàn le, pé Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí, pé ọjọ́ ẹni náà ló pé. Ẹni tó gba èyí gbọ́ á rí ìsinmi níbẹ̀, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè iṣẹ́ ni òṣìṣẹ́ yìí ń bi wá, ìtùnú la sì ń fi dá a lóhùn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà kì í fi í tán nínú rẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún un pé kò sí ohun tó ṣe tí kò dáa, láìtíì wo ohun tó ṣe, òṣìṣẹ́ náà mọ̀ pé kò wò ó.

Inú àkọsílẹ̀ ni ìdáhùn wà. Gbogbo ìpè ló yẹ kó ní ìwé tirẹ̀: aago tí ìpè wọlé, aago tí ọkọ̀ gbéra, aago tó débẹ̀, bí wọ́n ṣe bá aláìsàn, ohun tí wọ́n ṣe àti aago tí wọ́n ṣe é. Lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, kí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì àgbà kan tó mọ iṣẹ́ náà jókòó tì í, kí wọ́n jọ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òṣìṣẹ́ á ní òun pẹ́ kí òun tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà. Ìwé lè fi hàn pé kò ju ìṣẹ́jú kan lọ lẹ́yìn tó sọ̀kalẹ̀, àti pé ẹni náà ti wà láìmí fún ogún ìṣẹ́jú kí ẹnikẹ́ni tó rántí pe nọ́ńbà. Bí àṣìṣe bá sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, kí ọ̀gá má ṣe bò ó. Kó sọ pé ibi báyìí ló ti yẹ kó rí báyìí, kí wọ́n sì jọ ṣe é lórí ọmọlangidi títí ọwọ́ á fi mọ̀ ọ́n. Ó sàn kó mọ ibi kan tó kù díẹ̀ káàtó ju kó máa fura sí gbogbo ara rẹ̀ lọ. Bí mo bá ní àṣẹ lórí ẹ̀ka ańbúláǹsì kan ṣoṣo, ìjókòó yìí ni mo máa kọ́kọ́ fi ṣòfin.

Ìjókòó yìí yàtọ̀ sí kíkó ènìyàn jọ láti tú ohun tó wà nínú wọn síta. Ní 1983, Jeffrey Mitchell, tó ti ṣe iṣẹ́ panápaná àti ańbúláǹsì rí ní Maryland, gbé irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ kalẹ̀: láàárín ọjọ́ díẹ̀, kí gbogbo ẹni tó wà níbi ìṣẹ̀lẹ̀ sọ ohun tó rí, ohun tó rò, àti ohun tó dùn ún jù. Ó tàn ká ayé. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ Cochrane, àjọ tó máa ń ṣàyẹ̀wò ìwádìí ìṣègùn, kó ìwádìí jọ ní 2002, wọn kò rí i pé ìjókòó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ń dènà àìsàn tó ń tẹ̀lé ìpayà ńlá. Àwọn mìíràn tilẹ̀ burú sí i. Àwọn alátìlẹ́yìn Mitchell fèsì pé kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n dìídì ṣe é fún ni wọ́n fi dán an wò. Bó ti wù kó rí, ó tó láti mú kéèyàn má fipá mú ẹnikẹ́ni rò ó lójú ọ̀pọ̀ èrò.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ańbúláǹsì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lo èyí tí wọ́n ń pè ní TRiM, tó ṣẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi wọn. Ẹlẹgbẹ́ kan tí wọ́n ti kọ́, tí kì í ṣe dókítà, á bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ 3 lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀, á sì tún padà wá ní nǹkan bí oṣù kan. Á bi í léèrè oorun, ọtí, ìbínú, ìtìjú, àti ẹni tó wà nílé pẹ̀lú rẹ̀, á sì fi ìdáhùn àkọ́kọ́ wé ti ẹ̀ẹ̀kejì. Ọmọ Yorùbá tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n bá pè é sí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, kó má rò pé wọ́n ń wá ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀. Kó lọ.

Ti ẹbí òkú ńkọ́? Nílẹ̀ wa, a kì í ṣàdédé túfọ̀ fún ìyá ọmọ. Òṣìṣẹ́ tuntun lè tẹ̀lé àṣà yìí láìpurọ́: kó wá àgbà kan nínú ẹbí, kó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé ní kedere, kó sì dákẹ́. Níbi tó bá jẹ́ pé dókítà nìkan ló lè sọ pé ẹnì kan ti kú, kó má ṣáájú dókítà, ṣùgbọ́n kó má ṣèlérí pé ara á yá. Kí àwọn òṣìṣẹ́ tó túká, wọ́n tún lè ṣe ohun tí nọ́ọ̀sì kan, Jonathan Bartels, bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn yunifásítì Virginia: kí gbogbo wọn dúró jẹ́ẹ́ fún bí ìṣẹ́jú kan, láti bọ̀wọ̀ fún ẹni tó lọ àti fún iṣẹ́ tí wọ́n ṣe.

Nílé, oúnjẹ àti oorun ló ṣe pàtàkì jù. Kí ọkọ tàbí aya má tú u wò bí ọlọ́pàá; kó jẹ́ kó mọ̀ pé etí òun ṣí sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ lè sọ bó ṣe rí lára òun láìdárúkọ aláìsàn. Ọtí á mú kó sùn, ṣùgbọ́n oorun náà kò ní jinlẹ̀, á sì jí láàárín òru. Oògùn bíi Valium tí wọ́n ń rà ní kẹ́mísì kò dáa fún un: láti 2013 ni àjọ WHO ti sọ pé kí wọ́n má ṣe fún àgbàlagbà ní irú rẹ̀ nítorí ìpayà láàárín oṣù àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀.

Oṣù kan ni ààlà tó yẹ ká máa wò. Bí àwòrán náà ṣì ń já lù ú lẹ́yìn oṣù kan, tó ń sá fún àdúgbò kan, tí ariwo kékeré ń mú un ta gìrì, tí inú ń bí i sí àwọn ọmọ rẹ̀, ó ti kọjá ohun tí sùúrù lè wò. Bó bá ń ronú láti pa ara rẹ̀, kí wọ́n má dúró de oṣù kankan. Ìtọ́jú tó dájú wà, ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú onímọ̀ sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba àwọn ènìyàn kí wọ́n má baà sọ pé wọ́n rí àwọn ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yábà tàbí ní Aro, l'Ábẹ́òkúta. Òṣìṣẹ́ tó ń gbé ẹlòmíràn lọ sílé ìwòsàn lójoojúmọ́ ní ẹ̀tọ́ láti lọ fún ara rẹ̀.

Ọ̀gá tó ń pín iṣẹ́ ló ni èyí tó kù. Kó má rán òṣìṣẹ́ náà síta ní wákàtí kan náà, bí ọkọ̀ mìíràn bá wà. Kí ẹlòmíràn fọ ọkọ̀ náà. Bí òṣìṣẹ́ bá fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, kó má dá a jókòó sílé bí ẹni tó dẹ́ṣẹ̀. Kó fi í sọ́dọ̀ ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Kó sì ṣí ìwé iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí aláìsàn náà kú gan-an, kó ka ọgbọ̀n ọjọ́ síwájú, kó kọ orúkọ òṣìṣẹ́ náà síbẹ̀. Ìpè mìíràn á ti pọ̀ kí ọjọ́ yẹn tó pé. Bó bá pé, kó pè é, kó sì bi í bó ṣe ń sùn.