Púùlù ará Amẹ́ríkà: Bọ́ọ̀lù akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sọ tọmọdé tàgbà di aríran

Àwọn àgbà tó ti ta púùlù rí kò ní í gbàgbé bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe máa ń gbóná láyé ọjọ́sí. Ẹni tí kò wọ ọkọ̀ òfuurufú rí yóò máa dárúkọ Everton àti Arsenal bí ẹni pé òun ló bí wọn, yóò sì máa búra pé ọ̀mì ni wọ́n máa ta lọ́jọ́ Sátidé. Púùlù ti kógbá sílé lọ́pọ̀ ibi nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ohun tó fara jọ ọ́ ń ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dọọdún, láàárín oṣù kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ kọ ìwé o. Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tí àwọn ọmọ yunifásítì ń gbá ni.

Olùkọ́ kan tó ń jẹ́ James Naismith ló dá eré náà sílẹ̀ ní ìlú Springfield, ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní oṣù kejìlá ọdún 1891. Apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ń kó èso ló kàn mọ́ òkè kí wọ́n máa ju bọ́ọ̀lù sí i, ibẹ̀ sì ni eré náà ti gba orúkọ. Ní 2011 ni wọ́n sọ iye yunifásítì tó ń kópa nínú ìdíje àwọn ọkùnrin di 68. Ẹni tó bá pàdánù lẹ́ẹ̀kan péré, ilé yá nìyẹn. Kò sí pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ká tó gbẹ̀san.

Kí ìdíje yìí tó bẹ̀rẹ̀ ni àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ti ń kọ orúkọ ẹni tí wọ́n rò pé yóò borí sínú ìwé, láti ìpele àkọ́kọ́ títí dé àṣekágbá. Níbi iṣẹ́, lágbo ẹbí, láàárín ọ̀rẹ́, kálukú á dá owó díẹ̀, ẹni tí tirẹ̀ bá sún mọ́ òótọ́ jù ni yóò kó o. Ààrẹ Barack Obama pàápàá kọ tirẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní 2009. North Carolina ló mú, North Carolina náà ló sì gba ife.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rò pé ó rọrùn. Ìdíje 63 ló wà nínú ìwé náà. Tí ènìyàn bá kàn ń méfò, ọ̀nà tí èsì lè gbà jáde ju mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù mẹ́sàn-án lọ. Ní 2014, olówó ńlá nì, Warren Buffett, lọ́wọ́ sí ẹ̀bùn bílíọ̀nù kan dọ́là fún ẹni tó bá mú gbogbo rẹ̀ láìṣì. Kò sẹ́ni tó gbà á. Ní 2018, yunifásítì kékeré kan láti Maryland tí wọ́n ń pè ní UMBC na Virginia, tó wà lókè téńté, ní 74 sí 54. Ọjọ́ náà ni ọ̀pọ̀ ìwé di ìwé ìdáná.

Síbẹ̀, owó kọ́ ni òòfà tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ti jáde ní yunifásítì láti ogójì ọdún ṣì ń dé fìlà aláwọ̀ ilé-ìwé rẹ̀, orin ilé-ìwé náà kò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá gba ife yóò gun àkàbà, wọn yóò fi sáàsì gé àwọ̀n náà, kálukú á mú tirẹ̀ relé bí ẹni mú ẹran iléyá.

Àwọn ará Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, mọ ìrora kí wọ́n máa wo ẹlòmíràn lórí àkàbà yẹn. Ọmọ Yorùbá kan sì wà nínú ìtàn wọn. Hakeem Ọlájùwọ́n, tí wọ́n bí sí Èkó ní 1963, tí àwọn òbí rẹ̀ ń ta sìmẹ́ǹtì, ti di ọ̀dọ́langba kó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Gólì ló ń ṣọ́ nínú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá tẹ́lẹ̀. Ní 1980 ló gúnlẹ̀ sí Yunifásítì Houston.

Lọ́jọ́ 4, oṣù kẹrin, 1983, gbogbo ayé ló gbà pé Houston ni yóò borí North Carolina State nínú àṣekágbá. Ọ̀mì 52 sí 52 ni wọ́n wà nígbà tí àkókò fẹ́ tán. Dereck Whittenburg ju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè, kò dé ibi tó ń lọ, ni Lorenzo Charles bá gbá a mú lófuurufú, ó sì kì í bọ inú àwọ̀n. Ó di 54 sí 52. Ọlájùwọ́n ni wọ́n fún ní àmì-ẹ̀yẹ ẹni tó ta yọ jù bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù. Títí di 2025, kò tún sí ẹlòmíràn tó gbà á bẹ́ẹ̀. Ní 1984 wọ́n tún dé àṣekágbá, Georgetown tún nà wọ́n.

Ọdún méjìlélógójì lẹ́yìn ti 1983, lọ́jọ́ 7, oṣù kẹrin, 2025, Houston fi àmì 12 síwájú Florida nígbà kan nínú àṣekágbá. Florida lé wọn bá, ó parí sí 65 sí 63. Àmì méjì náà nìyẹn! Ẹni tó sunkún lọ́dọ̀ọ́ ní 1983 tún fi irun funfun sunkún.

Ohun mìíràn tún wà tó ń ká àwọn olólùfẹ́ eré yìí lára. Ní 2010, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n fọwọ́ sí àdéhùn bílíọ̀nù 10.8 dọ́là fún ọdún 14 láti máa fi ìdíje náà hàn. Nígbà yẹn, owó ilé-ìwé, ibùgbé àti oúnjẹ ni ti àwọn ọmọ tó ń làágùn. Oṣù keje 2021 ni wọ́n tó gbà wọ́n láàyè láti fi orúkọ ara wọn pa owó. Ní 2025, ilé-ẹjọ́ fọwọ́ sí i pé kí yunifásítì máa san owó fún wọn tààrà. Àwọn kan ní ẹ̀tọ́ wọn ni. Àwọn mìíràn ń ráhùn pé ọmọ tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún léṣìí ti wọ aṣọ yunifásítì mìíràn lọ́dún yìí, torí pé láti 2024 ni òfin ti gbà wọ́n láàyè láti máa ṣí kiri láìjókòó dúró fún sáà kan.

Ti ọmọ ilẹ̀ òkèèrè tún wá yàtọ̀. Físà akẹ́kọ̀ọ́ kò gbà á láàyè kó máa ṣiṣẹ́ owó bó ṣe wù ú, nítorí náà ẹni tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù lè máa ka dọ́là lójú rẹ̀. Òbí tí wọ́n bá wá sọ fún pé ọmọ rẹ̀ ga, kó wá gbá bọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà, ní láti béèrè irú físà tó fẹ́ gbà, ẹ̀kọ́ tó fẹ́ kọ́, àti ẹni tí yóò san owó ilé-ìwé bí ọmọ náà bá fi orúnkún ṣèṣe. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tó ga ló ń di Ọlájùwọ́n. Orúnkún lè kọṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí tí ọmọ bá gbà kò ní í kọṣẹ́.