Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ta ló ni ìṣírò tó ń ṣọ́ owó yín?

Ẹ̀yin agẹ́ǹtì tó ń gba ẹrù jáde ní èbúté Àpápá, ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù sanwó ní Marine Beach títí dé Ajégúnlẹ̀, ìgbàkígbà tí ẹ bá ṣí ojú ewé báǹkì, ìwé ẹ̀rí kan á kọ́kọ́ dé sínú fóònù yín. Òun ló ń jẹ́rìí pé báǹkì yín gan-an nìyẹn, kì í ṣe gbájúẹ̀. Ìlànà X.509, tí àjọ àgbáyé ITU gbé jáde ní 1988, ló sọ bí wọn yóò ṣe máa kọ ọ́.

Ìwé ẹ̀rí nílò ìbuwọ́lùwé tí kò ṣeé yí. Ìṣírò RSA wà lára àwọn tó gbajúmọ̀ fún un: Rivest, Shamir àti Adleman ló gbé e kalẹ̀ ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1977, MIT sì gba pátẹ́ǹtì rẹ̀, ìyẹn ẹ̀tọ́ òfin lórí ohun tí ènìyàn ṣẹ̀dá, ní 1983. Ìlànà jẹ́ ti gbogbo ayé, àmọ́ ìṣírò inú rẹ̀ ní ẹni tó ni ín nígbà náà!

Amẹ́ríkà nìkan ni pátẹ́ǹtì náà ti lágbára. Ìdí ni pé àwọn mẹ́ta náà ti tẹ iṣẹ́ wọn jáde kí wọ́n tó béèrè fún pátẹ́ǹtì. Òfin Amẹ́ríkà fàyè ọdún kan gbà wọ́n, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2000, ilé-iṣẹ́ RSA Security, tó gba àṣẹ ìṣírò náà lọ́wọ́ MIT, yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, nígbà tí pátẹ́ǹtì ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kó parí.

Lójú tèmi, ohun tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ lò kò yẹ kó ní agbowó-odè lẹ́nu ọ̀nà. Ó kéré tán, òfin ITU ni pé bí ẹni tó ni pátẹ́ǹtì bá kọ̀ láti fàyè sílẹ̀ lọ́nà tó tọ́, wọn kò gbọdọ̀ fi ìṣírò rẹ̀ sínú ìlànà.