Nígbà Tí Nọ́ńbà Íntánẹ́ẹ̀tì Ọ́fíìsì Yín Bá Fẹ́ Yípadà

Àwọn ilé-ìwé, ilé ìwòsàn àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́ ń pọ̀ sí i ní ìpínlẹ̀ yìí. Bó pẹ́ bó yá, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò fi olùpèsè íntánẹ́ẹ̀tì kan sílẹ̀ lọ bá òmíràn, yálà nítorí owó ni tàbí nítorí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró. Ohun tí wọn kì í sábà fi sọ́kàn ni pé nọ́ńbà àdírẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń lò kò ní bá wọn lọ, nítorí kì í ṣe tiwọn.

Nọ́ńbà yìí ni àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn fi ń mọ ibi tí tiwa wà, bí nọ́ńbà tí a kọ sára ilé. Irú èyí tó ti pẹ́ jù tí a ṣì ń lò, IPv4, kò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.3 lọ ní gbogbo àgbáyé, ó sì ti tán lọ́wọ́ àjọ IANA tó ń pín in fún àwọn ẹkùn láti oṣù Kejì ọdún 2011. AFRINIC, tó wà ní Mauritius, ló ń pín ti Áfíríkà. Ilé-iṣẹ́ kékeré kì í sábà bá AFRINIC ṣe tààrà. Ọwọ́ olùpèsè rẹ̀ ló ti ń yá nọ́ńbà. Yàtọ̀ sí ọ̀wọ́n, ìdí mìíràn tún wà. Bí olúkúlùkù bá ń gbé nọ́ńbà rẹ̀ kiri bó ṣe wù ú, àkọsílẹ̀ ọ̀nà tí àwọn ráútà ńláńlá gbọ́dọ̀ máa rántí yóò pọ̀ jù fún wọn. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà àwọn oníbàárà olùpèsè kan fi máa ń wà pa pọ̀.

Gbígba nọ́ńbà tuntun rọrùn. Wíwá gbogbo ibi tí a kọ ti àtijọ́ sí ni iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí a wo ilé ìwòsàn kan tó ní ẹ̀ka méjì. Kọ̀ǹpútà ẹ̀ka ń lọ wá káàdì aláìsàn ní ilé ìwòsàn àgbà, nọ́ńbà ló sì fi ń mọ ọ̀nà ibẹ̀. Báńkì tó ń bá wọn gba owó lè má ṣílẹ̀kùn fún nọ́ńbà mìíràn ju èyí tó mọ̀. Ó lè wà nínú fáyawọ́ọ̀lù, nínú kámẹ́rà aṣọ́lé, nínú láìsẹ́ńsì sọ́fítíwíà ìṣírò owó. Ẹni tó to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ńkọ́? Ó lè ti rí iṣẹ́ sí Èkó, kó sì jẹ́ pé inú ìwé kékeré kan tó mú lọ ni àkọsílẹ̀ wà. Bí ẹnikẹ́ni kò bá wá àwọn ibi wọ̀nyí rí ṣáájú, àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ni a ó mọ̀ wọ́n, nígbà tí àwọn aláìsàn ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí káàdì wọn kò sì jáde.

Nítorí náà, àkọsílẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Níbi tó bá ti ṣeé ṣe, ẹ fi orúkọ rọ́pò nọ́ńbà. Ìmọ̀ràn tí ìwé RFC 1900 ti ń fún àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ láti ọdún 1996 nìyí. Àwọn nọ́ńbà tí a yà sọ́tọ̀ fún inú ilé, bíi èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10 tàbí 192.168, kì í ṣe ti olùpèsè, kò sì pọn dandan kí ẹ fọwọ́ kàn wọ́n.

Orúkọ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó bá ti béèrè nọ́ńbà orúkọ kan máa ń tọ́jú ìdáhùn fún àkókò tí a kọ sí i. Ìṣẹ́jú-àáyá 86,400, ìyẹn ọjọ́ kan gbáko, wọ́pọ̀. Bí a bá yí nọ́ńbà padà láàárọ̀, àwọn kan lè ṣì máa kan ilẹ̀kùn àtijọ́ títí di ọjọ́ kejì. Ẹ sọ fún ẹni tó ń bójú tó orúkọ yín pé kó dín àkókò náà kù sí ìṣẹ́jú-àáyá 300, ó kéré tán ọjọ́ méjì ṣáájú, kó sì dá a padà lẹ́yìn náà.

A kò gbà yín níyànjú pé kí ẹ gé ti àtijọ́ lọ́jọ́ tí tuntun bá dé. Ẹ san owó méjèèjì fún oṣù kan, kí méjèèjì máa ṣiṣẹ́ pọ̀. Akápò yóò kùn. Ẹ jẹ́ kó kùn. Ẹ ti kọ lẹ́tà sí báńkì kí oṣù náà tó bẹ̀rẹ̀, nítorí irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kì í yá. Nígbà tí ohunkóhun kò bá gba ọ̀nà àtijọ́ mọ́, ẹ pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́ nínú gbogbo fáyawọ́ọ̀lù, ẹ sì ní kí báńkì náà pa á rẹ́. Olùpèsè lè fún oníbàárà mìíràn, ilẹ̀kùn tí ẹ bá sì fi sílẹ̀ fún nọ́ńbà yẹn yóò ṣí fún ẹni tí ẹ kò mọ̀.