Bátìrì Tí Kò Ní Ọlọ́dẹ

Bí ẹ bá fẹsẹ̀ rin Challenge já nílùú Ìlọrin, ẹ kò ní pẹ́ kí ẹ tó rí ọmọkùnrin kan tó tẹrí ba sórí fóònù tí wọ́n ti tú. Àpótí kékeré kan á wà níwájú rẹ̀ tó ń fi nọ́ńbà hàn, tí wáyà pupa àti dúdú yọ jáde lára rẹ̀. Oníbàárà á ní, "Ẹ̀gbọ́n, bátìrì yìí kò gba ṣáàjì mọ́ o." Òun á ní, "Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ jẹ́ n búùsì ẹ̀." Á fi wáyà méjèèjì kan bátìrì náà, nọ́ńbà á gòkè, fóònù á sì tàn. Oníbàárà á sanwó, á bá tirẹ̀ lọ.

Ohun tí oníbàárà kì í sábà rí ni bóòdù tín-ín-rín kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ orí bátìrì náà. Ọlọ́dẹ bátìrì nìyẹn. Bí iná bá fẹ́ wọlé jù, á ti ilẹ̀kùn. Bí èyí tó wà nínú rẹ̀ bá fẹ́ tán pátápátá, á tún tì í. Òun wà lára ohun tó jẹ́ kí ẹ lè ki fóònù bọ iná lálẹ́, kí ẹ sùn, kí ilẹ̀ sì mọ́ láìsí ariwo. Ṣùgbọ́n irú bátìrì kan wà tó jẹ́ ọmọ ìyá ti fóònù, lithium ni wọ́n fi ṣe òun náà, síbẹ̀ wọn kì í sábà fi ọlọ́dẹ sí i. Bátìrì ọkọ̀ ìṣeré oní-rìmóòtù ni.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé la fẹ́ sọ. Lọ́dún 1976 ni ilé-iṣẹ́ Tamiya ní Japan gbé ọkọ̀ oní-rìmóòtù rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, Porsche 934 tí wọ́n sọ di kékeré. Nígbà tó fi máa di 1985, àwọn àgbàlagbà ti ń díje fún ife-ẹ̀yẹ àgbáyé pẹ̀lú irú ọkọ̀ oníná bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ eléruku ní Del Mar, ní ìpínlẹ̀ California. Lónìí, ọkọ̀ tí ènìyàn lè gbé sí abíyá lè sá ju 60 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Bátìrì tí wọ́n ń pè ní LiPo ló ń gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn sá.

Ẹ wo ara páálí fóònù yín, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí 5000mAh níbẹ̀. Nọ́ńbà yẹn kan náà ló wà lára ọ̀pọ̀ bátìrì ọkọ̀ ìṣeré. Fóònù lè fi í ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ìṣeré lè jẹ ẹ́ tán ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Bí a bá ṣírò rẹ̀, nǹkan bí 15A ló ń jáde lára bátìrì náà ní gbogbo àsìkò yẹn, á sì tún fò kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa nígbà tí awakọ̀ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lójijì. Fóònù kì í sábà lo tó 1A. Bí ẹ bá gbé ọlọ́dẹ fóònù sí ẹnu ọ̀nà irú iná bẹ́ẹ̀, á rò pé olè ló dé: á ti ilẹ̀kùn, ọkọ̀ á sì kú sójú ọ̀nà. Bóòdù tó lè gba iná tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́, àmọ́ ó ń gba ààyè, ó wúwo, ó sì ń fi kún owó. Nítorí náà ni wọ́n ṣe yọ ọ́ kúrò, tí wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé ẹni tó ni ọkọ̀ lọ́wọ́.

Kí ẹni náà tó lè ṣọ́ ọ, ó gbọ́dọ̀ mọ nọ́ńbà mẹ́rin. 3.7V ni wọ́n máa ń kọ sára sẹ́ẹ̀lì LiPo kan. Bó bá kún, 4.2V ni, a kò sì gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Bó bá ń lọ sílẹ̀, a kò gbọdọ̀ jẹ́ kó já wá sí ìsàlẹ̀ 3.0V. Bí a bá fẹ́ gbé e pa mọ́, nǹkan bí 3.8V ló yẹ ẹ́. Bátìrì mọ́tò ní sẹ́ẹ̀lì mẹ́fà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní nǹkan bí 2V, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi ń pè é ní 12V. Bẹ́ẹ̀ náà ni LiPo tí wọ́n kọ 2S sí ṣe ní sẹ́ẹ̀lì méjì tí wọ́n so tẹ̀léra, tó jẹ́ 7.4V. 3S jẹ́ 11.1V.

Sẹ́ẹ̀lì méjì tí wọ́n jọ ṣe lọ́jọ́ kan kì í gbó bákan náà. Ṣájà lè rí 8.4V lápapọ̀ kó sì rò pé ó ti tó, nígbà tí ọ̀kan ti dé 4.3V tí èkejì ṣì wà ní 4.1V. Ọ̀kan ti kọjá ààlà, kò sì sí ọlọ́dẹ tó máa ké. Ìdí nìyẹn tí LiPo fi ní ẹnu wáyà funfun kékeré kan yàtọ̀ sí wáyà ńlá méjì tó ń gbé iná lọ sínú ọkọ̀. Nípasẹ̀ rẹ̀ ni ṣájà fi ń wo sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, tó sì ń mú wọn dọ́gba. Ẹni tó bá gbàgbé láti ki ẹnu wáyà yìí bọ ṣájà ti fojú bo ṣájà náà.

Ṣájà tó mọ iṣẹ́ yìí á bi yín ní ìbéèrè mẹ́ta: irú bátìrì wo ni, sẹ́ẹ̀lì mélòó ló ní, iná tó pọ̀ tó báwo ni kí n fi sí i? Èyí tó kẹ́yìn kò le. Bátìrì 5000mAh, 5A ni kí ẹ fún un, á sì kún láàárín wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ló ń sun ilé. Bátìrì nickel, irú èyí tó máa ń bá ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú wá, máa ń já sílẹ̀ díẹ̀ nígbà tó bá kún, ìjásílẹ̀ yẹn ni ṣájà fi ń mọ̀ pé ó ti tó. LiPo kì í já sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá wá sọ fún ṣájà pé nickel ni LiPo yín, á máa dúró de àmì tí kò ní dé, iná á sì máa wọlé títí bátìrì á fi wú, tí á fi gbiná.

Nickel yìí náà ló bí ìmọ̀ràn kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa gbọ́ nígbà tí GSM dé lọ́dún 2001: ẹ jẹ́ kó kú pátápátá kí ẹ tó ṣáàjì rẹ̀. Ìmọ̀ràn àwọn bátìrì àtijọ́ ni. Kódà, nígbà tí fóònù bá kọ 0% kó tó kú, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ṣì máa ń ju 3V lọ, fóònù ló dá a dúró níbẹ̀. Nínú ọkọ̀ ìṣeré, ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní ESC, tó ń darí iná lọ síbi ẹ̀rọ tó ń yí táyà rẹ̀, lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá ti sọ fún un pé LiPo ni. Síbẹ̀ ẹ yọ bátìrì kúrò bí eré bá ti parí, torí ESC tí ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú lè máa fa iná díẹ̀díẹ̀ títí bátìrì á fi kú.

LiPo tó bá kú báyìí kò ṣeé gbé lọ búùsì. Bátìrì fóònù tí ẹ̀gbọ́n wa jí, ó lè jẹ́ pé ọlọ́dẹ ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, tí iná díẹ̀ láti ìta sì mú kó ṣí i padà. LiPo kò ní ilẹ̀kùn kankan tó tì, sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ló ti bàjẹ́. Bí iná rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ jìnnà, bàbà inú rẹ̀ á máa yọ́. Bí ẹ bá tún ti iná wọ̀ ọ́, bàbà náà á dì síbi tí kò yẹ, ó sì lè mú kí iná pàdé iná nínú rẹ̀.

Àṣà kan tún wà tí àìsí iná ti kọ́ gbogbo wa: bí NEPA bá ti mú iná dé, ká sáré ki gbogbo nǹkan bọ ọ́ kí wọ́n tó mú un lọ. Ó dára fún fóònù àti tọ́ọ̀ṣì. LiPo tó kún fọ́fọ́ tó wá jókòó fún ọ̀sẹ̀ kan ń gbó kíákíá, ooru Ìlọrin nínú oṣù kẹta sì ń fi kún un. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ lò ó ni kí ẹ fi í kún. Bí kò bá sí iná lọ́jọ́ náà, kò burú: púpọ̀ nínú àwọn ṣájà yìí, bí iMAX B6 tó ń gba láti 11V dé 18V, lè fa iná lára bátìrì mọ́tò.

Ẹ má fi í sílẹ̀ lórí ṣájà kí ẹ lọ kírun tàbí kí ẹ lọ sùn. Orí sìmẹ́ǹtì ni kí ẹ gbé e sí, kí ó jìnnà sí kọ́tìnì àti bẹ́ẹ̀dì, kí yanrìn wà nítòsí. Èyí tó bá ti wú, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí: ẹ má gún un, ẹ má sì jù ú sórí ààtàn tí wọ́n máa ń dáná sun. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti London tàbí Houston, inú báàgì ọwọ́ ni kó kó bátìrì tí kò sí nínú ọkọ̀ sí, kó fi téèpù bo ẹnu wáyà rẹ̀. 100Wh ni ààlà tí ènìyàn lè kó láìtọrọ àyè, 2S 5000mAh sì jẹ́ 37Wh.

Ẹni tí kò fẹ́ ra ọkọ̀ ìṣeré rárá ṣì lè lo ìmọ̀ yìí, nítorí bátìrì lithium ti ń wọ ilé wa báyìí fún inverter àti sólà. Ọlọ́dẹ tirẹ̀ ni wọ́n ń pè ní BMS. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá ó wà nínú rẹ̀, àti bóyá inverter yín mọ̀ pé lithium ni, kì í ṣe bátìrì olómi. Ẹni tó ní ọkọ̀ ìṣeré lè jókòó ti bátìrì rẹ̀ fún wákàtí kan. Kò sẹ́ni tó lè jókòó ti inverter tọ̀sán-tòru. Bí olùtajà kò bá lè fi BMS hàn yín, ẹ dá owó yín padà sápò, kí ẹ wá ṣọ́ọ̀bù mìíràn lọ.